Ààrẹ Ló Fa Àárẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, nínú ọjà abẹ́ òrùlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane ní Peckham, ní London, níbi tí Làtíìfù télọ̀ ti ń rán jàlàbíà. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti agolo òwú, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan sì ń pariwo nínú rẹ̀ pé ìjọba tiwa-n-tiwa ti dé etí ọ̀gbun. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀, Làtíìfù a gbọ́ ẹni tó ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló ń ba Amẹ́ríkà jẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ ẹni tó ní ẹgbẹ́ kejì ni. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni pé kí Làtíìfù tẹ àwòrán agogo tó wà nísàlẹ̀ yẹn, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Làtíìfù yìí náà ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Àsálátù Àlùbáríkà, tí wọ́n ń ṣàdúrà lọ́jọ́ Sunday nínú họ́ọ̀lù kan ní Old Kent Road. Ó ti pẹ́ lórí ipò náà débi pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń pọ̀n wá síbẹ̀ nígbà kan ti ń fi mọ́tò gbé ìyá wọn wá báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Rahmah, ọmọ Sìdíkàt, nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bí sí Aylesbury Estate. Ọmọ dáadáa ni. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù: kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Uncle." Rahmah kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

"Rahmah, káàbọ̀. Dákẹ́ ná, gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Ayé ti bàjẹ́."

"Ayé wo, Uncle?"

"Amẹ́ríkà."

"Oh." Ó jókòó sórí àpótí. "Mo rò pé tiwa ni."

"Ṣé tiwa yàtọ̀ ni? Bí iná bá ń jó ilé ọlọ́rọ̀, eérú rẹ̀ ò ní bọ́ sínú ọbẹ̀ tálákà?"

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè pa á díẹ̀? Wọ́n rán mi sí yín."

"Mi ò lè pa á. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Tó bá ṣẹlẹ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Kí n mọ̀ ni!" Làtíìfù fi ẹsẹ̀ tẹ másíìnì, abẹ́rẹ́ sáré lọ, ó dúró. "Aráàlú tó bá sùn lọ ni wọ́n ń gba ìjọba mọ́ lọ́wọ́. Ta ló rán ọ?"

"Àwọn ará ẹgbẹ́ ni. Àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú."

"Èmi? Èmi tí mo ń gbọ́ tọ̀tún tòsì láti àárọ̀ dé alẹ́, tí mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni? Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Rahmah mí kanlẹ̀. "Okay. Uncle, aarẹ ti mú àwọn èèyàn."

Sísáàsì bọ́ lọ́wọ́ Làtíìfù, ó ró gbà lórí tábìlì.

"Ààrẹ ti mú àwọn èèyàn?"

"Yes, Uncle."

"Àúsù bíláì! Ọkùnrin yìí sọ ọ́! Láti Monday ló ti ń sọ ọ́! Àwọn wo ló mú?"

"Gbogbo wa. Àmọ́ àwọn ìyá àgbà ló mú jù."

"Ìyá àgbà! Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn jókòó ni, wọ́n ń gbọ́ wáàsí."

"Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ó mú wọn! Níbo?"

"Nínú hall wa."

"Họ́ọ̀lù wo? Ti Old Kent Road yìí? Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò?"

"Yes."

"Ó ti dé Old Kent Road!"

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Uncle. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò rí i."

Làtíìfù fò dìde, ó fa ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú síta lábẹ́ rẹ̀. Kò sí sójà, kò sí ọlọ́pàá. Obìnrin kan ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò lódìkejì, ó ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Sìdíkàt ńkọ́?"

"Ó ti mú Mummy náà. Since last year."

"Láti èṣí! Ẹ ò sì sọ fún mi! Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Wọ́n wà nílé. Wọ́n ń sùn."

Làtíìfù nà ró díẹ̀díẹ̀. Ó wo Rahmah, ó wo ilẹ̀kùn onírin, ó tún wo Rahmah.

"Ààrẹ mú ìyá rẹ láti èṣí. Ìyá rẹ wà nílé. Ó ń sùn."

"Yes. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

"Ó ti rẹ̀..." Làtíìfù ti ilẹ̀kùn padà sókè gbàràrà. "Àárẹ̀!"

"Aarẹ. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Kì í ṣe ohun tó o sọ nìyẹn! Ààrẹ ni ẹni tó wà lórí àga. Àárẹ̀ ni ohun tó ń ṣe ẹni tó wà nísàlẹ̀ àga. Tún un pè."

"Ààrẹ," ni Rahmah wí, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń wá ohùn náà lórí òrùlé. "Àárẹ̀."

"Ó dáa. O fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu lásán dá ogun sílẹ̀ ní Peckham." Làtíìfù jókòó, ó gbá àyà rẹ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀. "Kí ló wá fa àárẹ̀ ọ̀hún?"

Rahmah to ohùn rẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. "Ààrẹ... ni."

Lásìkò yẹn, bí èèyàn bá dárúkọ ààrẹ létí Làtíìfù, ibì kan ṣoṣo lọkàn rẹ̀ máa ń lọ, ibẹ̀ sì jìnnà, ó wà ní òdìkejì òkun. Ó ti gbàgbé pátápátá pé wọ́n ń pe òun náà bẹ́ẹ̀.

"Àlùbáríkà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí ti lajú! Ààrẹ ló fa àárẹ̀! Mo ti ń sọ ọ́!"

Ẹnu ya Rahmah. "Ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ẹni tó jókòó sórí àga bí ẹni pé òun àti àga ni wọ́n jọ bí!"

"Uncle..."

"Bí èèyàn bá bá a wí, ọ̀tá ni. Bí wọn ò bá yìn ín, irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ ti ronú nípa ẹ̀ tó báyìí."

"Lójoojúmọ́! Mi ò ronú nípa nǹkan mìíràn! Tó bá ti gba gbohùngbohùn báyìí, kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sílẹ̀!"

"Ìyẹn," Rahmah fà á jẹ́jẹ́, "gbogbo èèyàn ló sọ ọ́."

"Ó tún wá fi àna rẹ̀ sípò!"

"A ní ká má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àna yẹn o. Nítorí ọ̀wọ̀."

"Ọ̀wọ̀ kí ni? Ẹ mẹ́nu bà á! Ẹ pariwo ẹ̀ ní gbàgede!"

Inú ń bí Làtíìfù, másíìnì sì ń bá a sáré. Ó ti rán ẹnu apá jàlàbíà náà pa pátápátá, kò mọ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní jáde láéláé.

"Kí ló wá yẹ ká ṣe, Uncle?"

"Kó sọ̀kalẹ̀!"

"Jẹ́jẹ́?"

"Jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìtìjú. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn èèyàn rẹ̀ kì í dúró kí wọ́n wá wọ́ òun sílẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Lónìí!"

"Sunday la ní lọ́kàn."

"Sunday ti pẹ́ jù!"

Rahmah fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, omi ti kún un. "Uncle, mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ mélòó kan. Uncle Jẹ̀lílì nínú ẹgbẹ́ ní ẹ máa lé mi jáde ni. Wọ́n ní kò sí àgbàlagbà tó lè bá yín sọ ọ́, pé ọmọdé ni kó lọ, pé ẹ ò ní lè bínú sí ọmọdé."

"Jẹ̀lílì ò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́."

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ gbà?"

"Sọ fún gbogbo ayé! Sọ pé Làtíìfù télọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀!"

Rahmah wólẹ̀ wọ̀ọ̀, orúnkún méjèèjì lórí àwọn ègé aṣọ. Ó wá yọ fóònù, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì kọ̀wé wàràwàrà. Inú Làtíìfù dùn gan-an. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ò bìkítà fún ìjọba tiwa-n-tiwa mọ́. Ẹ wo ọmọ yìí tó ń sunkún nítorí rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá, fóònù tó wà lára agolo òwú bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ting. Ting-ting. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹgbẹ́ ń bo ojú ọkùnrin Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀. Làtíìfù tẹ èyí tó kọ́kọ́ wọlé, ohùn Alhaja Mìsítúrà, àgbà obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, jáde rọra: "Làtíìfù, ọmọ rere, Ọlọ́run á fún ọ ní ìsinmi. Ó ṣòro o, kéèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ sílẹ̀."

"Àwo wo ni Alhaja ń sọ?"

Ting. Jẹ̀lílì ló kàn, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni: "Ààrẹ ti gbà! Ààrẹ máa fipò sílẹ̀! Ẹ fọpẹ́ fún Ọlọ́run!"

Làtíìfù fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. "Ó ti gbà! Rahmah, ó ti gbà!" Ó ti àwọn ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kúrò lójú fóònù kó lè rí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin Amẹ́ríkà náà di ìrọ̀rí kan mú, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa á lára, ó ń sọ bó ṣe rọ̀ tó. "Ẹ wò ó! Ìròyìn tó tó báyìí, ìrọ̀rí ló ń polówó! Wọ́n ń fi pamọ́ fún wa! Jẹ̀lílì tó wà ní Surrey Quays ti gbọ́, àwọn oníròyìn ò tíì gbọ́!"

Rahmah dìde díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Uncle. Ààrẹ wo lẹ rò pé à ń sọ?"

"Ti Amẹ́ríkà."

Rahmah gbá orí mú.

"Ta ni ẹ̀yin ń sọ?"

Rahmah na ìka, ṣùgbọ́n ó fi tìtìjú-tìtìjú nà án, kò tó apá. Làtíìfù bojú wẹ̀yìn. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ àfi ère tó máa ń fi gbé aṣọ, ó wọ agbádá, kò lórí.

"Eléyìí?"

"Rárá, Uncle. Ẹ̀yin."

Ohun tí Làtíìfù kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé àga rẹ̀ tó ṣubú, ó sì jókòó lé e gbọn-in, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbé e lọ.

"Èmi?"

"Ẹ ní ẹ gbà, Uncle."

"Irọ́ ni! Ìròyìn èké ni!" Ó gbá fóònù mú, ó tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ó ké sínú rẹ̀ tí obìnrin tó ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò fi bojú wò wọ́n: "Làtíìfù nìyí o! Mi ò lọ ibì kankan! Ẹni tó bá ní mo ń lọ, òun ni kó lọ!" Ó fi ránṣẹ́. Ó kọjú sí Rahmah, ó ń mí gùlegùle. "Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àwa náà ni."

"Ta ló ń tì yín?"

"Kò sí ẹni tó ń tì wá. A kàn fẹ́ dibo ni."

"Ẹ fẹ́ di ibo?"

"Dìbò, Uncle. Ìbò."

"Ẹ ti dì í! Wọ́n yàn mí!"

"Ta ló bá yín díje?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ilé Jẹ̀lílì la wà. Mo ní, ta ló máa ṣe ààrẹ? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní, èmi á ṣe é. Wọ́n ní àmín."

"Wọ́n ń jẹun nígbà yẹn. Mummy sọ fún mi."

"Ẹnu wọn kún, àmọ́ mo gbọ́ àmín!"

Rahmah ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun Làtíìfù jù. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ó lè bá a wí fún ìwà àfojúdi. "Ẹ sọ ọ̀kan," ni Làtíìfù wí. "Ọ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo ṣe fún yín tí kò dáa?"

Rahmah wolẹ̀. "Kokoro, Uncle. Kokoro wà lọ́wọ́ yín."

Làtíìfù gbá ọwọ́ ara rẹ̀ pàá. "Ó ti lọ?"

"Rárá. Ó ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Ó ká apá aṣọ sókè, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì jìgìjìgì. "Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ ò fẹ́ fi sílẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Irú kòkòrò wo nìyẹn?"

"Èyí tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn."

Ọwọ́ Làtíìfù dúró sókè. "Kọ́kọ́rọ́."

"Ti hall. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ yín ló sì wà." Rahmah ń rọra sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. "Sunday tí òjò rọ̀ yẹn, Alhaja Mìsítúrà ló kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwa náà dé. A pè yín, a pè yín. Àwọn tó ń fọ mọ́tò ló da bọ́kẹ́ẹ̀tì dé fún Alhaja kí wọ́n lè jókòó. Òjò yẹn wọ inú ìborùn wọn. Èmi ni mò ń lọ tọ́jú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Uncle. Tí wọ́n bá húkọ́, gbogbo bẹ́ẹ̀dì á mì."

Làtíìfù rántí Sunday náà. Kò ṣàìsàn, kò rìnrìn àjò. Ó jókòó síbi tó jókòó sí yìí gan-an, wọ́n ń jiyàn ní Amẹ́ríkà lórí bóyá aráàlú ṣì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú wọn. Ó rí i tí orúkọ Rahmah tàn lójú fóònù, ó fi ìka tì í kúrò, nítorí pé ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó tàn lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tì í kúrò. Nígbà tó dé họ́ọ̀lù, àwọn èèyàn ti lọ. Ó rò nígbà náà pé òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ó tilẹ̀ bá wọn wí lọ́sẹ̀ kejì pé ẹ̀sìn wọn ti ń tutù.

"Kí ló dé tí Alhaja ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ká má yọ yín lẹ́nu. Wọ́n ní ìṣòro tó wà lọ́rùn yín ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù."

Làtíìfù na ọwọ́, ó pa ọkùnrin inú fóònù. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ ẹ̀rọ tí alápatà ìsàlẹ̀ fi ń gé egungun, àti ọmọ kan tó ń bẹ ìyá rẹ̀ fún nǹkan dídùn. Ó dà bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Peckham ni.

Ó yíjú sí Rahmah. "Ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀?"

Rahmah ń fi ìka lọ́ etí ìborùn rẹ̀.

"Jẹ̀lílì?"

Ó mi orí.

"Kì í ṣe Hamid, àna mi tí mo fi ṣe akápò. Ẹ ti ní ẹ ò fẹ́ àna." Ó wo ojú ọmọ náà dáadáa. "Rahmah. Ìwọ ni?"

"Wọ́n ní kí n gbìyànjú."

"Ìwọ tó ò lè pe ààrẹ lo fẹ́ jẹ ààrẹ?"

"Mo mọ̀, Uncle. Wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín." Ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú. "Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn hall lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ọmọ yẹn, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ ń sọ Yorùbá tó dùn, ó ń kọjá lórí wọn. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn nínú mọ́tò. Wọn ò fẹ́ wá mọ́. Bí wọn ò bá wá mọ́, tó bá di ọjọ́ iwájú, ta ló máa gbàdúrà fún Alhaja? Ta ló máa gbàdúrà fún yín?"

Làtíìfù fẹ́ dá a lóhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ́nu, èyí tó kọ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin àárọ̀, ó tún ní òmíràn tó kọ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin ìrọ̀lẹ́. Kò rí èyí tó bá ìbéèrè náà mu. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó gbọn òwú orí rẹ̀ dànù, ó tún un dé.

"Gbé fóònù yẹn wá."

"Uncle, ẹ má tún bínú sí wọn o."

"Mo ní gbé e wá."

Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré.

"Àlàáfíà fún yín, ẹ̀yin ará mi. Èmi Làtíìfù ni. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo kó o jẹ. Mo ti fipò sílẹ̀. Alhaja Mìsítúrà, ẹ foríjì mí. Òjò yẹn, èmi ló yẹ kó pa. Ẹ dìbò yín lọ́jọ́ Sunday, ẹni tó bá wọlé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kí i, n ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣeun."

Ó fi ránṣẹ́. Rahmah tún ń sunkún.

"Uncle, ó dáa gan-an."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Làtíìfù wí, ó sì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Ó dúró de ìyìn.

Ìyìn ò dé. Fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ting.

Jẹ̀lílì ni. "Ẹ̀yin ará, ẹ má gba ohùn yìí gbọ́ o! Ẹ má gbà á gbọ́! Kọ̀ǹpútà ni! Wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn èèyàn báyìí. Èyí tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan yẹn, Làtíìfù nìyẹn. Èyí tó ń tọrọ àforíjì yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"Jẹ̀lílì ya wèrè!" Làtíìfù gbá fóònù mú. "Èmi ni! Èmi Làtíìfù ni mo sọ̀rọ̀ yẹn!" Ó fi ránṣẹ́.

Ting. Ohùn Sìdíkàt, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀: "Ẹ gbọ́, ó tún ti ṣe òmíràn. Àwọn oníjìbìtì yìí lágbára o."

Ting. Alhaja Mìsítúrà: "Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ó ní kí n foríjì òun. Ọmọ mi Làtíìfù kọ́!"

"Alhaja!" ni Làtíìfù ké, bí ẹni pé wọ́n wà níwájú rẹ̀. "Rahmah, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní mò ń lọ, wọ́n ní èmi kọ́!"

"Ẹ ní sùúrù, Uncle. Ojú yín ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù tèmi pè wọ́n lórí fídíò."

Rahmah yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀, ó ń wá ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, fóònù rẹ̀ ti ń dún, ó ń pe gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù Làtíìfù náà dún. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó ka ohun tí àna rẹ̀, Hamid, kọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ ń mì. Hamid ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun eré. Ó ní títí wọn ó fi mọ ẹni tó ṣe ayédèrú ohùn ààrẹ wọn, kí ọ̀rọ̀ ìdìbò dúró ná, kí Ààrẹ ṣì wà lórí àga. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwòrán àtàǹpàkò ń yọ ní méjìméjì. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Kódà Jẹ̀lílì fọwọ́ sí i.

Ohun kan tó gbóná, tó sì dùn, rọra gòkè láti ìsàlẹ̀ ikùn Làtíìfù, ó dé àyà rẹ̀, ó tẹ́dìí síbẹ̀. Ó yọ dígí ojú. Ó jókòó dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì.

"Rahmah, ọmọ mi."

"Uncle?" Rahmah yíjú sí i, fóònù lọ́wọ́.

"Mo ti rò ó wò. Ìwọ náà bá mi rò ó wò. Èmi fúnra mi ni mo ní mò ń lọ, àmọ́ àwọn èèyàn ti fohùn ṣọ̀kan pé kí n dúró. Ṣé kí n wá kọ̀ fún wọn? Ta ni èmi Làtíìfù, tí n ó tàpá sí ìjọba tiwa-n-tiwa?"

Rahmah rọra yí fóònù rẹ̀ padà kó lè rí i. Ìpè náà ti wọlé, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo ẹgbẹ́ Àlùbáríkà, wọ́n tò jọ bí ẹyin nínú páálí, ẹnu ya gbogbo wọn. Alhaja Mìsítúrà wà láàárín, wọ́n gbé ojú wọn sún mọ́ fóònù débi pé imú Alhaja nìkan ló hàn.

"Áà!" ni Alhaja kígbe, ayọ̀ sì gba ohùn wọn kan. "Òun nìyẹn! Làtíìfù gan-an nìyẹn! Kọ̀ǹpútà wo ló tó bẹ́ẹ̀? Ohùn tó ń tọrọ àforíjì yẹn, òótọ́ ni o, ó ti fipò sílẹ̀! Ẹ jẹ́ ká dìbò!"